Nígbà tí Elm Inú Àwo bá Wọ́wé ní Ilẹ̀ Òtútù

Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ igi tí ó níyì, igi ńlá ni wọn a máa dárúkọ: ìrókò tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé yọ àáké sí, àràbà tí ọwọ́ ènìyàn mẹ́fà kò ká ìdí rẹ̀, oṣè tí ó dúró gbagidi bí ilé. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé àwọn kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà àti ní ilẹ̀ Jàpáànì tí ó jẹ́ pé kíkéré ni wọ́n ń wá lára igi. Wọn a gbin igi tí ó yẹ kí ó ga ju ilé lọ sínú àwo pẹrẹsẹ. Wọn a máa gé gbòǹgbò rẹ̀, wọn a máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, títí igi náà yóò fi darúgbó láìga ju apá ọmọdé lọ. Àwọn ará Ṣáínà ń pe iṣẹ́ náà ní penjing; àwọn ará Jàpáànì, tí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ń pè é ní bonsai, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ohun ọ̀gbìn inú àwo lọ. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Lára ògiri ibojì ọmọ ọba Ṣáínà kan tí wọ́n ń pè ní Zhanghuai, tí wọ́n sin síbẹ̀ ní ọdún 706, àwòrán àwọn ìránṣẹ́ wà tí wọ́n gbé àwo lọ́wọ́, tí òkúta àti ohun ọ̀gbìn kéékèèké sì wà nínú àwo náà.

Igi tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni elm ilẹ̀ Ṣáínà, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè ní Ulmus parvifolia, tí ó túmọ̀ sí elm eléwé kéékèèké. Nínú igbó, ó lè ga tó mítà 15. Ewé rẹ̀ kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, etí ewé náà sì rí bí eyín ayùn. Èèpo ara rẹ̀ a máa bó ní abala-abala, tí àwọ̀ pupa rúsúrúsú yóò sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Igi tí ó rọrùn láti bá gbé ni: ó fara da ọ̀bẹ, ó fara da àwo tóóró, bí wọ́n bá sì gé ẹ̀ka rẹ̀ lónìí, kì í pẹ́ tí ó fi ń yọ òmíràn. Ó ní àǹfààní mìíràn pẹ̀lú. Àrùn kan tí oríṣi olú kan ń fà, tí kòkòrò inú èèpo igi sì ń gbé kiri, ti pa igi elm tí ó lé ní mílíọ̀nù 25 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìparí àwọn ọdún 1960 wá. Elm ilẹ̀ Ṣáínà lágbára láti kojú àrùn náà ju àwọn ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ.

Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, pàápàá ní agbègbè Guangdong, wọn a máa gbin elm yìí lọ́pọ̀lọpọ̀ fún títà, wọn a sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọgbà lè rí i rà, pẹ̀lú ìwé pélébé tí ó sọ pé inú ilé ni kí ó máa gbé e sí. Bí ó bá rà á ní oṣù Kẹjọ, ewé rẹ̀ yóò máa dán. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù Kọkànlá, ewé náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí wọ́n máa já bọ́ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí ọdún tuntun tó dé, ẹ̀ka lásán ni ó kù. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìdájọ́ ikú. Kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn elm tí wọ́n ń gbé jù sí ààtàn ní oṣù Kìíní ọdún ni ó jẹ́ pé oorun ni wọ́n ń sùn. Òmíràn nínú wọn sì ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ àwọn tí ó tọ́ ọ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó jù ú nù.

Láti mọ ohun tí ó ń ṣe igi náà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti wá. Ní Guangzhou, tí í ṣe olú-ìlú Guangdong, ìwọ̀n ooru ní oṣù Kìíní, nígbà tí òtútù ń mú jù, jẹ́ nǹkan bí 14 ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 5 ni. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń tètè rí. Èyí tí wọn kì í kà sí ni ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ojúmọ́ Guangzhou ṣì ń lé ní wákàtí mẹ́wàá àbọ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò tó wákàtí mẹ́jọ, ìkùukùu a sì máa bo èyí tí ó wà. Ní oṣù Kẹfà, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá: ojúmọ́ Lọ́ńdọ̀nù á gùn tó wákàtí mẹ́rìndínlógún àbọ̀, nígbà tí ti Guangzhou kò ju mẹ́tàlá àbọ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá tí ó ti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù Kọkànlá mọ bí ó ti máa ń rí kí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni náà lè da ẹ̀wù òtútù bora, ó sì lè tan iná. Igi kò ní ẹ̀wù mìíràn ju ewé rẹ̀ lọ, bíbọ́ ni ó sì máa ń bọ́ ọ nígbà tí òtútù bá dé.

Ní Guangdong, elm yìí lè wà pẹ̀lú ewé láti ọdún dé ọdún, tí ewé tuntun yóò máa gba ipò ti àtijọ́ láìsí ẹni tí ó kíyè sí i. Ní àríwá ilẹ̀ Ṣáínà níbi tí omi ti ń dì, igi kan náà a wọ́ gbogbo ewé rẹ̀. Kì í ṣe igi oríṣi méjì. Ohun tí ojú ọjọ́ bá bi í léèrè ni ó ń dáhùn.

Wíwọ́ ewé gan-an kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ ni. Nígbà tí òru bá ń gùn sí i tí òtútù sì ń mú, igi a bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà tí ó fún ewé ní àwọ̀ tútù palẹ̀. A fa náítírójìn àti àwọn ohun mìíràn tí ó wúlò nínú ewé padà sínú ẹ̀ka àti èèpo, bí ẹni tí ó ń kó ẹrù kúrò nínú ilé tí yóò wó, kí ó lè rí wọn lò nígbà tí ìrúwé bá dé. Bí àwọ̀ tútù ti ń lọ ni àwọ̀ ìyeyè tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń yọjú. Ní àkókò kan náà, ní ìdí ewé, níbi tí ó ti so mọ́ ẹ̀ka, igi a la ìlà tíńrín kan tí ewé yóò ti já. Ní apá ti ẹ̀ka, a fi nǹkan bí èèpo dí ojú ọgbẹ́ kí omi ara rẹ̀ má baà tú dànù. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ewé ti bọ́ sílẹ̀.

Igi alààyè nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, àgbẹ̀ tí ó bá sì ti ṣán oko rí mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ tíì rò ó báyìí. Ẹ̀ka tí a bá gé lulẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù lára rẹ̀, ewé náà a gbẹ mọ́ ọn lára ni; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí ewé gbígbẹ náà ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka ti kú kí ó tó ráyè lé e lọ. Nítorí náà, bí ewé elm bá kọ́kọ́ pọ́n, tí ó sì já ní kété tí ọwọ́ kàn án, àmì ìyè ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ewé bá rọ lójijì, tí wọ́n gbẹ láìpọ́n, tí wọ́n sì di ẹ̀ka mú tí wọn kò já, ìgbà náà ni ó yẹ kí àyà onígi já.

Kò yẹ kí ewé wíwọ́ ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, àràbà a máa wọ́wé, oṣè a dúró ní ìhòòhò, oko tíìkì a sì kún fún ewé gbígbẹ tí ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń gbé àáké ti àràbà nítorí pé ó wọ́wé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀dá omi ni ó ń lé ewé àwọn igi wọ̀nyí lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé òtútù àti òru gígùn ni ó ń lé ti elm. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré rárá. Ojú tí ó ti mọ ewé wíwọ́ mọ́ òùngbẹ, omi ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń sáré bù.

Omi yìí gan-an ni ó sì ń pa igi. Ewé ni ó ń fa omi gòkè láti inú ilẹ̀. Omi tí ó bá jáde láti ojú ewé sínú afẹ́fẹ́ ni òmíràn ń gòkè wá rọ́pò. Bí kò bá sí ewé, díẹ̀ kínún ni igi ń mu. Omi tí wọ́n ń dà sínú àwo lójoojúmọ́ kò ní ibi tí yóò lọ. A dúró sínú erùpẹ̀, a lé afẹ́fẹ́ jáde láàárín ihò erùpẹ̀ náà, gbòǹgbò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Àwo elm kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ nígbà mìíràn. Kò sí ibòmíràn tí gbòǹgbò náà lè sá sí. Nígbà tí ìrúwé bá dé tí igi kò yọ nǹkan kan, onígi á ní òtútù ni ó pa á. Ẹlòmíràn kì í dúró lórí omi nìkan. Á bu ajílẹ̀ sí i, á gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, á tún ra àwo tuntun kí ó lè pààrọ̀ erùpẹ̀ rẹ̀. Ajílẹ̀ fún igi tí kò ní ewé dà bí oúnjẹ tí a ń fi sí ẹnu ẹni tí ó sùn. Ooru ẹ̀rọ náà sì máa ń gbẹ bí ti ọyẹ́. Pípààrọ̀ erùpẹ̀ ní àkókò yìí ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé yóò já àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ó kù fún igi láti fi mu omi.

Ohun tí ó yẹ kí onígi ṣe ṣáájú gbogbo èyí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ó fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka tíńtín kan díẹ̀, kí ó wo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tutù tí ó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ̀ka náà wà láàyè. Bí ó bá gbẹ tí ó sì pọ́n bí igi ìdáná, ẹ̀ka náà ti kú. Ṣùgbọ́n ikú ẹ̀ka kan kì í ṣe ikú igi. Kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ̀ka tíńtín dé ẹ̀ka ńlá, láti ẹ̀ka ńlá dé ìdí igi, títí yóò fi rí ibi tí ó tutù. Elm tí orí rẹ̀ gbẹ pátápátá lè tún yọ láti ìdí. Ní ti omi, ìka ọwọ́ ni kí ó kì bọ inú erùpẹ̀: bí ojú erùpẹ̀ bá ti ń gbẹ, kí ó bu omi sí i dáadáa títí yóò fi máa jò láti ìdí àwo, kí ó sì fi í sílẹ̀ títí ojú erùpẹ̀ yóò tún fi máa gbẹ. Bí erùpẹ̀ bá gbẹ tán pátápátá, gbòǹgbò á kú. Bí ó bá ń rin gbingbin ní gbogbo ìgbà, gbòǹgbò á kú pẹ̀lú.

Ó tún yẹ kí á ya ewé wíwọ́ oríṣi méjì sọ́tọ̀. Ti ìgbà òtútù ni èyí tí a ti ń sọ. Ṣùgbọ́n igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn, tí ó ti wà nínú òkùnkùn àpótí ẹrù, lè wọ́wé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ìbáà jẹ́ àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nígbà tí ewé kan ń yọ ni ó ń pinnu bí ewé náà yóò ti nípọn tó. Ewé tí ó yọ nínú oòrùn líle kì í lè tún ara rẹ̀ mọ láti máa gbé ní ojú fèrèsé tí ó ṣú. Igi a lé e lọ, a sì yọ òmíràn tí ó bá ibẹ̀ mu. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, omi níwọ̀n, àti kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa gbé e kiri láti yàrá dé yàrá. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí yóò dára fún un lójoojúmọ́ ni kò ní jẹ́ kí ó rí ibi kankan mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtọ́jú máa ń jiyàn lé lórí jù ni bóyá inú ilé ni elm yìí yóò ti lo ìgbà òtútù tàbí ìta. Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí ó ti ilẹ̀ olóoru wá, ìwà ìkà ni láti fi í sí ìta. Àwọn mìíràn ní igi ni igi ń jẹ́, ìta ni Ọlọ́run dá a sí. Ìhà méjèèjì ní òtítọ́ tirẹ̀ nínú. Elm ilẹ̀ Ṣáínà tí ó wà nínú ilẹ̀ lè fara da òtútù tí ó mú gan-an, ṣùgbọ́n nínú àwo, gbòǹgbò kò ní ilẹ̀ tí yóò bò ó, òtútù a sì wọ inú erùpẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Igi tí ó sì wá láti Guangdong kò tíì kọ́ bí a ti ń múra sílẹ̀ de òtútù ní ọdún àkọ́kọ́. Nítorí náà, ibi tí ó dára jù fún un ní ọdún náà ni ibi tí kò sí ẹ̀rọ amúlégbóná, tí omi kò sì ní dì: ilé onígíláàsì inú ọgbà, tàbí yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, níbi tí ìwọ̀n ooru yóò ti wà láàárín 2 sí 8 ní sẹ́ńtígíréèdì. Láti ọdún kejì, ó lè wà ní ìta, kí wọ́n kàn máa gbé e sábẹ́ ààbò nígbà tí òtútù bá fẹ́ já sí ìsàlẹ̀ 5 lábẹ́ òdo. Èyí tí kò dára rárá ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù: yàrá ìgbàlejò tí ó móoru, tí kò sì ní ìmọ́lẹ̀. Ooru ń sọ fún igi pé kí ó jí, kí ó máa ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò sì tó. Ohun tí ó ti kó pamọ́ ni yóò máa jẹ títí yóò fi tán.

Iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ ewé fúnra rẹ̀ ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà ìwọ́wé, láti oṣù Kẹsàn-án lọ, onígi yóò dẹ́kun ajílẹ̀ tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, kí igi má baà máa yọ ọ̀mùnú tí òtútù yóò pa. Kí ó má ṣe já ewé tí ó ṣì tutù, bí ó ti wù kí ìdọ̀tí rẹ̀ lórí tábìlì bí i nínú tó. Ẹrù tí igi ń kó kò tíì tán nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá ti pọ́n tán ni kí ó gbọ̀n dànù. Ewé tí ó sì bọ́ sínú àwo, kí ó ṣà á kúrò, nítorí pé abẹ́ ewé tí ó ń rà ni àwọn àrùn tí ń fi àmì dúdú sí ara ewé máa ń sá pamọ́ sí de ìrúwé. Àkókò yìí náà ni elm ilẹ̀ Ṣáínà ń tanná, òdòdó tíntìntín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn elm yòókù ń tanná kí ìrúwé tó dé. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé kòkòrò ni.

Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Bí erùpẹ̀ inú àwo bá dì, gbòǹgbò kò lè fa omi. Bí ewé bá ṣì wà lórí igi, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń fẹ́ lù ú, ewé yóò máa tú omi jáde láìsí èyí tí ó ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe ń fi òùngbẹ kú láàárín yìnyín. Igi tí ó ti wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìmọ́lẹ̀, ó lè wà nínú ilé ìkẹ́rù sí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá di ewé rẹ̀ mú gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀, nítorí pé kò tíì sùn.

Ìparí ìgbà òtútù, ní oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ni iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n jù. Ọ̀pọ̀ elm tí ó lo òtútù ní ibi tí kò le jù a máa di ìdajì ewé rẹ̀ mú. Àwọn ewé wọ̀nyí ti rẹ̀, àwọ̀ wọn ti ṣú, wọ́n sì ń ṣíji bo ojú ẹ̀ka tí ewé tuntun yóò ti yọ. Olùtọ́jú a mú sísọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́, a gé ewé kọ̀ọ̀kan kúrò, a fi igi ewé díẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè bọ́ fúnra rẹ̀ láìpa ojú tí ó wà ní ìdí rẹ̀ lára. Ìgbà yìí ni ẹ̀ka máa ń hàn gbangba, tí ènìyàn lè rí èyí tí ó wọ́ àti èyí tí ó ń dí èkejì lọ́wọ́. Àwọn oníṣẹ́ penjing ti Guangdong, tí wọ́n ń pe ọ̀nà iṣẹ́ tiwọn ní Lingnan, mọ iyì èyí dáadáa. Òtútù ilẹ̀ wọn kò tó láti bọ́ igi ní ìhòòhò. Nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń já ewé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e síta fún àwòyẹ̀wò, kí àwọn ènìyàn lè rí bí ẹ̀ka ti ń pín sí ẹ̀ka. Èyí tí onígi Lọ́ńdọ̀nù ń sunkún lé lórí, ọ̀gá oníṣẹ́ Lingnan a jókòó fún wákàtí púpọ̀ láti ṣe é ní ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí ojú ẹ̀ka bá ń wú, tí wọn kò tíì là, ni ó tọ́ láti pààrọ̀ erùpẹ̀, bí gbòǹgbò bá ti kún àwo. Lẹ́yìn náà ni ìrúwé. Ewé tuntun elm tutù, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́. Òru kan tí omi bá dì ní oṣù Kẹrin tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lè rí irú òru bẹ́ẹ̀ títí wọ inú oṣù Karùn-ún. Igi tí ó ti wà ní ìta láti ìgbà òtútù yóò wá di èyí tí wọ́n ń gbé wọlé ní alẹ́, tí wọ́n ń gbé jáde ní òwúrọ̀. Ajílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ewé tó le. Ẹ̀ka tuntun tí ó bá ti ní ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn a gé e padà sí méjì; èyí ni ó ń mú kí ẹ̀ka pọ̀, kí ewé sì kéré sí i.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó rọrùn jù, àfi pé igi tí ó ti wà nínú ilé kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ ìbòòji ni kí ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lè gba omi lójoojúmọ́. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan tí wọ́n jẹ́ ìbátan aláǹtakùn a máa fa oje ewé rẹ̀ nínú ilé gbígbẹ, tí ojú ewé yóò fi rí wínníwínní. Omi tí a fọ́n sí abẹ́ ewé léraléra ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ dán wò, nítorí pé oògùn kòkòrò mìíràn a máa lé gbogbo ewé elm wọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan a máa já gbogbo ewé igi tí ó lágbára ní oṣù Kẹfà kí òmíràn tí ó kéré lè yọ. Igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ilẹ̀ tuntun kò gbọ́dọ̀ rí irú rẹ̀ láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́.

Elm nìkan kọ́ ni igi arárá tí ó ti rìnrìn-àjò. Nígbà tí ilẹ̀ Jàpáànì fẹ́ fi bonsai 53 ta ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́rẹ fún ayẹyẹ igba ọdún òmìnira wọn ní 1976, inú àhámọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn igi náà sí kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ọgbà ìjọba ní Washington. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ igi páìnì tí wọ́n ti ń tọ́ láti 1625, tí ó sì wà ní Hiroshima ní ọjọ́ tí àdó olóró bú gbàmù níbẹ̀ ní 1945. Ní 1984, Wu Yee-sun ti Hong Kong fi àkójọ penjing tirẹ̀ ta ọgbà ewéko ìlú Montreal ní Kánádà lọ́rẹ. Láti ìlú tí omi kì í dì, sí ìlú tí ìwọ̀n ooru oṣù Kìíní rẹ̀ ń wà ní nǹkan bí 10 lábẹ́ òdo. Ilé onígíláàsì ni ó ń gba irú igi bẹ́ẹ̀ là níbẹ̀. Kò sí bí wọn ì bá ti sùn ní ìta kí wọ́n jí.

Ní ti elm tí ó bá rí ọdún àkọ́kọ́ já, ó máa ń tó ìgbà òtútù kejì tàbí ìkẹta kí ewé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní àkókò kan náà pẹ̀lú ti àwọn igi ojú pópó. Síbẹ̀, kì í di àṣà tí kò yẹ̀. Bí òtútù ọdún kan kò bá mú púpọ̀, ó lè di ewé mìíràn mú títí wọ inú oṣù Kejì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó lè wọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí oṣù Kejìlá tó dé.